Ọmọ tó ń ka ìṣirò nílé: Ìdí ni wọ́n ti ń gun igi

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ rí yóò mọ dòdò Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rá, ata, iyọ̀ àti epo pupa ni wọ́n fi ń ṣe é. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rò ni pé ìṣirò ni ìyá tó ń dín in ń ṣe láràárọ̀. Bí ó bá ná ₦15,000 sórí ọjà, tó fẹ́ jèrè ₦5,000, tí gbogbo dòdò náà sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún ìdì, kò ní lo bírò kó tó mọ̀ pé ₦200 ni òun yóò ta ìdì kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ìbéèrè yìí kan náà sójú pátákó, tí wọ́n fi lẹ́tà x rọ́pò owó ìdì kan, ọmọ ìyá náà tó ti ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì lè máa wò ó bí ẹni tó rí iwin.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Ìkirè tí í ṣe ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé, tàbí ní Àpòmù tí í ṣe ti Ìsọ̀kan, bí kò ṣe ṣọ̀wọ́n níbòmíràn nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì, wọ́n sì ń kàwé nílé lálaalẹ́ nítorí pé ìṣirò nìkan ló kù. Àjọ WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1952, àti NECO, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1999, ló ní ìdánwò fún ẹni tí kò sí nílé ẹ̀kọ́ mọ́. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Bí wọn yóò ṣe to ẹ̀kọ́ náà tẹ̀ léra wọn ló kù.

Kí òbí tó bẹ̀rẹ̀ ètò kankan, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kan yé e. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kò pọn dandan mọ́ kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè, àṣà àti irú wọn ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò kó tó wọ yunifásítì. Ìròyìn yìí kan Ìkirè gan-an, nítorí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa èèyàn àti àṣà ni ọgbà yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà níbẹ̀ ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan gbọ́ ọ gbọ̀ọ́gbọ̀, wọ́n ní wọ́n ti fagi lé ìṣirò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tún ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé gbogbo ọmọ ni yóò ṣì forúkọ sílẹ̀ fún ìṣirò nínú ìdánwò àṣekágbá. Ẹni tó fẹ́ kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ẹ̀kọ́ bí ètò ọrọ̀ ajé kò sì lè ṣe kó má ní kírẹ́díìtì rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọmọ tó fìdí rẹmi yóò tún ki iṣẹ́ SS3 mọ́lẹ̀. Ibi tó ti ṣubú kì í sábà jẹ́ SS3. Ẹ fún un ní iṣẹ́ JSS ṣe: kó ro ìdá méjì pọ̀ mọ́ ìdá mẹ́ta, kó yọ 9 kúrò nínú 4, kó wá iye x nínú 3x + 7 = 22. Bí èyíkéyìí bá dí i lọ́wọ́, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ SS1 ló tẹ̀ lé e: indices, logarithm, sẹ́ẹ̀tì, quadratic àti ìbẹ̀rẹ̀ trigonometry. Logarithm kò lè yé ẹni tí indices kò yé, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni tí a yí padà. SS2 ni wọ́n ti ń ṣe ìtòtẹ̀léra nọ́ńbà, òfin igun inú òbìrí, bearing àti probability. SS3 ló wá kan surds, matrices, ìlà tó yí ayé ká, àti calculus. Ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà lórí gíráàfù ni gbòǹgbò calculus. Ẹni tó bá fo gíráàfù dá ti já gbòǹgbò náà.

Ètò oṣù 18 bójú mu fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́: oṣù mẹ́ta fún JSS, márùn-ún fún SS1, márùn-ún fún SS2, mẹ́ta fún SS3, méjì tó kù fún ìbéèrè àtijọ́. Wákàtí kan lójúmọ́ dára ju ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo lọ. Nínú ìdánwò WAEC, ìbéèrè àṣàyàn jẹ́ 50. Nínú ìwé kejì, ìbéèrè márùn-ún jẹ́ dandan, ọmọ yóò sì mú márùn-ún mìíràn. Láti ọdún 2024, WAEC ti ń lo kọ̀ǹpútà fún àwọn tí kò sí nílé ẹ̀kọ́, nítorí náà kí ọmọ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kó tó dọjọ́ náà.

Further Maths ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ ọ, JAMB kò sì ní in nínú iṣẹ́ tó ń dán wò. Ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tó fẹ́ di ẹnjiníà ń ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n calculus àti vectors ló máa ń pàdé ọmọ náà lọ́dún àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Ẹni tó bá ti ṣe Further Maths ti mọ ojú ọ̀nà. Kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ SS1 bá ti dúró gbọn-in, kó sì máa ṣe méjèèjì pọ̀.

Ẹni tí ìbátan bá fi ìwé ránṣẹ́ sí láti Amẹ́ríkà, kó ṣọ́ra. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ, títí kan àwọn tí òbí ń kọ́ nílé, ló ń fi ọdún kan ṣe algebra, ọdún kejì geometry, kí wọ́n tó padà sí algebra. Tiwa ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́dọọdún. Ìwé wọn dára, àmọ́ ìlànà WAEC ni kó máa darí ọmọ.

Àgbàlagbà tí kò lọ ilé ìwé náà ní iṣẹ́ ṣe. Márùndínláàádọ́ta tí a ń pè lójoojúmọ́, ogún lọ́nà mẹ́ta ni, tí a yọ mẹ́wàá, tí a tún yọ márùn-ún. Ẹni tó lè túmọ̀ ìyẹn ti ń ṣe algebra. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò fún ọdún mẹ́fà, ọwọ́ wọn sì dún. Kí ìyá oní-dòdò pe ọmọ rẹ̀ jókòó, kó bi í bí òun ṣe mọ̀ pé ₦200 ni ìdì kan. Bí ọmọ náà bá ti dáhùn, kó kọ x síbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.