Ìkéde àti Ìtọ́ka Àtẹ Oníbùú-òun-Òòró nínú Fortran àti C

Bí àtẹ nọ́ńbà tilẹ̀ ní ìbú àti òòró, ìlà gbọọrọ kan ṣoṣo ni iyè kọ̀ǹpútà. Ìkéde ni ó ń sọ bí a ó ṣe to àtẹ náà sórí ìlà yìí.

Nínú Fortran, tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1957, REAL A(3,4) kéde ìlà ìbú mẹ́ta àti ìlà òòró mẹ́rin. Láti orí 1 ni òǹkà ti bẹ̀rẹ̀; òòró kan ni a sì ń tò tán kí ó tó kan èkejì. Nítorí náà, ipò kẹjọ ni A(2,3) wà.

Nínú C, èdè tí Dennis Ritchie ṣẹ̀dá ní Bell Labs, float a[3][4] ni ìkéde yìí. Láti orí 0 ni òǹkà ti bẹ̀rẹ̀. Ìbú ni a ń tò tán. Ẹyọ kan náà di a[1][2], ní ipò keje.

Ewu wà níbẹ̀. Bí ètò Fortran bá fa àtẹ rẹ̀ lé ètò C lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, A(1,3) ni a[1][2] yóò mú wá, kọ̀ǹpútà kò sì ní kìlọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí C kéde a[4][3], kí ó sì tọ́ka sí a[2][1]: ipò kẹjọ gan-an nìyẹn.