Ẹ Jẹ́ Kí Á Sọ̀rọ̀ Kí Wọ́n Tó Fi Ìpìlẹ̀ Lélẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi ìlú Kaduna àti agbègbè rẹ̀ ṣe ibùgbé,   ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín ń sùn sí, ta ló sì fún wọn láṣẹ? Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni ilẹ̀ òfìfo kan tó wà ní àdúgbò wa. Gbogbo wa ló mọ̀ pé ilé gbígbé ni wọ́n pín ilẹ̀ náà fún. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, àwọn obìnrin sì ń dín àkàrà létí rẹ̀ láàárọ̀. Àfi bí a ṣe rí i tí wọ́n já yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí a wádìí, wọ́n ní ẹni tó ra ilẹ̀ náà fẹ́ kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa rọ gáàsì ìdáná sínú sílíńdà fún títà. Bẹ́ẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi kan wà lẹ́yìn ògiri ilẹ̀ náà gan-an, mọ́sálásí wà ní òdìkejì, ọ̀nà kan ṣoṣo ni a sì ń gbà wọlé tí a tún ń gbà jáde. Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ panápaná kò ní ríbi gbà wọlé, àwa náà kò sì ní ríbi gbà jáde.

Nígbà tí a pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àlejò ni wá níbí. Àlejò kì í bá onílé du ilẹ̀." Àwọn tó ti lo ogójì ọdún ní Kaduna, tí wọ́n bí gbogbo ọmọ wọn síbí, wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀. A wá bi wọ́n léèrè pé, bí iná bá sọ, ṣé yóò kọ́kọ́ béèrè ìlú ẹni kó tó jó ilé ẹni? Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Iná kì í béèrè lóòótọ́. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2020, gáàsì bú gbàmù ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sabon Tasha, ní ìjọba ìbílẹ̀ Chikun. Àwọn kan kú, àwọn mìíràn fara pa. Lára àwọn tó kú ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Simon Mallam, tí wọ́n jẹ́ alága ìgbìmọ̀ Nigeria Atomic Energy Commission. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò lọ ra gáàsì. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà nítòsí ni wọ́n ti ń gẹrun. Ẹ wo ẹni tí orílẹ̀-èdè fi ọ̀rọ̀ átọ́míìkì lé lọ́wọ́, gáàsì ẹ̀gbẹ́ ilé ló gbẹ̀mí wọn. Ta ni yóò wá sọ pé ohun tí aládùúgbò òun ń tà kò kan òun?

Kaduna kì í ṣe ìlú tó kàn hù bí olú. Ní 1913 ni Lugard bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ibẹ̀ dó, nígbà tó sì di 1917 ó ti di ibùjókòó ìjọba Àríwá. Ní 1967, Max Lock, òyìnbó ará Ìlú Ọba tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ètò ìlú, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwé ètò ńlá kan jáde fún Kaduna. Títí dé ọdún 2017 ni wọ́n wo iwájú dé. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ pé ibí ni ilé gbígbé, ibí ni ọjà, ibí ni fákítìrì. Kakuri, níbi tí fákítìrì aṣọ Kaduna Textiles Limited ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, di agbègbè fákítìrì. Iṣẹ́ àwọn fákítìrì náà àti iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá ọ̀pọ̀ nínú wa wá síbí. Nígbà tí àwọn fákítìrì wá ń kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, onílé sọ pálọ̀ di ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù di ibi tí wọ́n ti ń jó irin, àgbàlá di ibi ìkẹ́rù sí. Nítorí ebi, kò sẹ́ni tó lè bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ewu ṣe ń yọ́ wọ àárín ilé.

Ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí òfin wí, nítorí àìmọ̀ ló ń sọ ènìyàn di ojo. Abala 43 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sọ pé ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti ní ilé àti ilẹ̀ níbikíbi ní Nàìjíríà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa bójú tó o fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Kò pè é ní ti ọmọ onílẹ̀ nìkan. Ní 2003, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà. Níbí, KASUPDA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ilé kíkọ́, KADGIS ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta gáàsì tàbí epo tún gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ NMDPRA, tí Òfin Epo Rọ̀bì ti 2021 dá sílẹ̀. Níní C of O kì í ṣe àṣẹ láti kọ́ ohun tó bá wu ni. Ìwé náà máa ń sọ ohun tí ilẹ̀ wà fún, ẹni tó bá sì fẹ́ yí i padà gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ.

Ohun tí a ṣe nìyí. A kọ́kọ́ lọ rí Mai Unguwa, nítorí a kì í fo àgbà dá. Wọ́n pe gbogbo àdúgbò jọ, Hausa, Gbagyi, Ígbò àti àwa Yorùbá, a sì jọ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. A fi téèpù wọn ibi tí ilẹ̀ náà wà sí ògiri ilé ẹ̀kọ́, a wọn fífẹ̀ ọ̀nà, a kọ wọ́n sínú lẹ́tà. A béèrè bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí ilẹ̀ ilé gbígbé di ilẹ̀ òwò gáàsì. Onílé fọwọ́ sí i, ayálégbé náà fọwọ́ sí i, torí ayálégbé náà lẹ́mìí. A mú lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ kàn, a fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ àti panápaná, a sì rí i dájú pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa.

A kò bú ẹni tó ra ilẹ̀. Gáàsì ni àwọn ìyàwó wa náà fi ń dáná, oúnjẹ òòjọ́ ni ọkùnrin náà sì ń wá. A sọ fún un pé ilẹ̀ wà lẹ́bàá títì ńlá, níbi tí kò sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti wá wo ibẹ̀, iṣẹ́ sì ti dúró láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn lẹ́tà kò tíì dé, òkúta wẹ́wẹ́ kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi tíì sinmi.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn èèyàn wa tó lówó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ilé gbígbé di gbọ̀ngàn ìnáwó, ilé búrẹ́dì tàbí ilé ìjọsìn tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ kì í dákẹ́, kí ó rántí pé aládùúgbò tirẹ̀ náà ní etí. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tiwa, ọwọ́ tiwa náà gbọ́dọ̀ mọ́.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bí ẹ bá rí yanrìn níbi tí kò yẹ, ẹ tètè sọ fún àwọn aṣáájú yín àti Mai Unguwa. Ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá kọ́ ọ dé òrùlé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á fi iná sunkún o. Àṣẹ.