Gáḿbíà ní Hague, Iceland ní Geneva

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Gáḿbíà pe Myanmar lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé tó wà ní Hague, ó ní ìjọba Myanmar fẹ́ pa ẹ̀yà Rohingya run. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ìyẹn, ní Geneva, Iceland ti gbé àbá kan síwájú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, pé kí wọ́n tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò lórí àwọn èèyàn tí wọ́n ń pa ní Philippines lábẹ́ ogun tí Ààrẹ Rodrigo Duterte gbé ti oògùn olóró.

Orílẹ̀-èdè kékeré ni méjèèjì. Àwọn ará Iceland kò tó 400,000, wọn kò sì ní iléeṣẹ́ ológun. Àwọn ará Gáḿbíà lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì; ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó gba etí odò lọ, Senegal sì yí i ká àfi níbi tó ti kan òkun. Kò sí èyí tó bá ẹni tó fẹ̀sùn kàn pààlà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń yìn wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n ṣe, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra gan-an.

Ti Gáḿbíà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan. Abubacarr Tambadou, mínísítà ètò ìdájọ́ wọn nígbà náà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì àwọn olùpẹ̀jọ́ nílé ẹjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ìpakúpa Rwanda ọdún 1994. Nígbà tó lọ sí ìpàdé OIC, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, ní Bangladesh lọ́dún 2018, ó dé àgọ́ àwọn Rohingya ní Cox's Bazar. Àwọn tó lé ní 700,000 ló ti sá wọ Bangladesh láti oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí àwọn ológun Myanmar ya wọ abúlé wọn ní ìpínlẹ̀ Rakhine, tí wọ́n ń dáná sun ilé, tí wọ́n ń pa èèyàn, tí wọ́n ń fipá bá obìnrin lò pọ̀. Ohun tí Tambadou gbọ́ lẹ́nu wọn kò ṣàjèjì sí i. Rwanda ló rán an létí. (Àwọn bàbá wa náà mọ ilẹ̀ Rakhine yẹn. Arakan ni wọ́n ń pè é nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Gáḿbíà ti jọ ja ogun Bọ́mà, bí wọ́n ṣe ń pe Myanmar nígbà náà, fún Gẹ̀ẹ́sì.)

Gáḿbíà fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyà ni. Ọdún méjìlélógún ni Yahya Jammeh lò lórí àlééfà, tí àwọn agbófinró rẹ̀ ń gbé èèyàn lọ tí a kò sì rí wọn mọ́. Nígbà tó fìdí rẹmi nínú ìbò oṣù kejìlá ọdún 2016 tó kọ̀ tí kò lọ, àfìgbà tí àwọn ọmọ ogun ECOWAS, tó fi mọ́ ti Nàìjíríà, gbéra kó tó kó ẹrù rẹ̀. Àwọn tí ará àdúgbò gbà sílẹ̀ lọ́jọ́sí ló lọ gbẹ́nu sọ fún àwọn ẹni ẹlẹ́ni.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ló wú mi lórí jù. Àdéhùn ọdún 1948 tó ka pípa ẹ̀yà run léèwọ̀ gbà kí orílẹ̀-èdè kan tó wà nínú rẹ̀ pe òmíràn tó wà nínú rẹ̀ lẹ́jọ́ ní Hague. Kò béèrè bí olùpẹ̀jọ́ ṣe tóbi tó, kò sì béèrè ìbò. Aung San Suu Kyi, ẹni tó ti gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel, ló wá fúnra rẹ̀ gbèjà Myanmar ní oṣù kejìlá ọdún 2019. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2020, gbogbo adájọ́ mẹ́tàdínlógún pátá, títí kan èyí tí Myanmar fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, pàṣẹ pé kí Myanmar dáàbò bo àwọn Rohingya, kó má sì ba ẹ̀rí jẹ́. Myanmar béèrè pé kí ló kan Gáḿbíà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù keje ọdún 2022, adájọ́ 15 dáhùn pé ó kàn án. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò fara mọ́ ọn.

Geneva kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbò ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn níbẹ̀. Àga tí Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ nígbà tí ìjọba Trump bínú jáde lọ́dún 2018 ni Iceland dù tó sì wọlé sí, fún ọdún kan àtààbọ̀ péré. Kò fi àkókò náà ṣòfò. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ó sọ̀rọ̀ sí Saudi Arabia lójú lórúkọ orílẹ̀-èdè 36, lórí àwọn obìnrin ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí wọ́n tì mọ́lé àti ikú akọ̀ròyìn Jamal Khashoggi. Irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí nínú ìgbìmọ̀ náà. Nígbà tó di oṣù keje, àbá rẹ̀ lórí Philippines wọlé pẹ̀lú ìbò 18 sí 14. Orílẹ̀-èdè 15 kò dìbò.

Nàìjíríà wà nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Togo wà níbẹ̀, Senegal àti South Africa wà níbẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tó dìbò fún àbá náà. Bangladesh pàápàá, tó gba àwọn Rohingya mọ́ra, kò dìbò. Ó dùn mí gan-an. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tó ń yìnbọn pa ọmọ tálákà láìgbé e dé ilé ẹjọ́, ṣé àwa kò mọ̀ ọ́n ni? Kò tó ọdún kan àtààbọ̀ lẹ́yìn náà tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi bọ́ sígboro nítorí àwọn ọlọ́pàá SARS.

Duterte fi Iceland ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní yìnyín lásán ló wà lọ́hùn-ún, ìjọba rẹ̀ sì dá ìdúnàádúrà owó yíyá dúró pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè 18 náà. Síbẹ̀ ìwádìí jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2020: ó kéré tán, èèyàn 8,663 ni wọ́n ti pa. Kò tó ọdún kan tí ẹ̀rí fi wà lákọsílẹ̀, irú ìyára tí kò sí ní Hague. Àmọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, dípò ìwádìí tó jinlẹ̀ tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún, Iceland àti Philippines jọ gbé àbá tó kàn ṣèlérí ìrànlọ́wọ́ fún ìjọba tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ẹni tó bá gbára lé ìbò kò lè rìn kọjá ibi tí àwọn oníbò bá sìn ín dé.

Gáḿbíà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sin òun. Òótọ́ ni pé OIC gbà á lẹ́yìn, tó ń bá a wá owó agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ ló wà lórí ìwé ẹ̀sùn. Tambadou kúrò nípò lọ́dún 2020, ẹjọ́ ń lọ. Àwọn ológun gbàjọba ní Myanmar lọ́dún 2021, wọ́n ti Suu Kyi mọ́lé, ẹjọ́ ń lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Jámánì, Faransé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Denmark àti Netherlands tọrọ àyè láti dá sí i. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni South Africa gba ọ̀nà kan náà pe Ísírẹ́lì lẹ́jọ́ lórí Gaza. Àṣẹ ilé ẹjọ́ kò tíì mú àwọn Rohingya padà sílé, ìyẹn ò ṣe é bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Myanmar kò lè wá ìbò tí yóò fi fa ẹjọ́ náà ya.

N kò ní tìtorí èyí gbé gbogbo ìyìn fún Banjul, olú ìlú Gáḿbíà. Kí ni Myanmar lè fi Gáḿbíà ṣe? Ṣáínà ló lè fi nǹkan ṣe é, Ṣáínà ló kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá tó wà ní Bijilo fún wọn. Nígbà tí wọ́n dìbò ní Geneva ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 lórí bóyá kí ìgbìmọ̀ tilẹ̀ jíròrò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn Uyghur ní Xinjiang ní ilẹ̀ Ṣáínà, àbá náà ṣubú pẹ̀lú ìbò 19 sí 17. Orílẹ̀-èdè 11 kò dìbò. Gáḿbíà àti Benin wà lára wọn. Mùsùlùmí ni Uyghur, bí Rohingya ṣe jẹ́. Iceland ní tirẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé tí orílẹ̀-èdè 22 kọ nípa Uyghur lọ́dún 2019, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdéhùn òwò wà láàárín òun àti Ṣáínà. Àwọn mìíràn kọ ìwé tiwọn láti gbè sẹ́yìn Ṣáínà. Nàìjíríà àti Togo fọwọ́ sí ìyẹn.

Nítorí náà, ní ti kéèyàn má ṣojúsàájú nínú ẹni tí yóò bá wí, Iceland ló tẹ̀wọ̀n jù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n yan ohun tí orílẹ̀-èdè tí kò lágbára lè ṣe fún ẹni tí wọ́n ń pa, ti Gáḿbíà ni màá yàn, torí pé ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun tí alágbára gbọ́dọ̀ dáhùn, bó fẹ́ bó kọ̀. Láti ọdún 2009 ni Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn ọdún 1948 yẹn. Ọ̀nà tí Banjul gbà dé Hague, Abuja náà lè gbà á láìtọrọ ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.