"Kò Sí Nǹkan Tó Ṣe Mí": Ẹ Má Tètè Sọ Ọ́ Lẹ́yìn Ìjàǹbá Ọkọ̀



Ká ní ọkọ̀ kan kọlu tiyín láti ẹ̀yìn níbi iná tráfíìkì. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde, eegun ò ṣẹ́. Ẹ ní kò sí nǹkan tó ṣe yín, ẹ gba ibi iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kejì, orí ń fọ́ yín, òòyì ń kọ́ yín, ẹ ò rántí ohun tí ọ̀gá sọ láàárọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọpọlọ lè mì nínú agbárí láìjẹ́ pé orí gbá nǹkan kan. Àwọn dókítà ń pè é ní concussion. Àmì rẹ̀ lè pẹ́ kó tó yọ, àwòrán CT sì lè má fi nǹkan kan hàn.

Bí ẹnì kan bá ń bì léraléra, tó dákú, tàbí tí gìrì mú un, ẹ pe 999. Ní England, ìtọ́jú inú A&E kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ìwé ìgbélùú rẹ̀ rí. Ohun tí dókítà bá kọ sílẹ̀ níbẹ̀ ni ẹ̀rí yín tó bá kan ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú.

Ẹ gba orúkọ awakọ̀ kejì, nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ àti orúkọ iléeṣẹ́ adójútòfò rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i gbà, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 24. Ẹ máa kọ bí ara ṣe ń ṣe yín sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ tọ́jú ìwé owó oṣù: owó iṣẹ́ tí ẹ pàdánù wà lára ohun tí ẹ lè béèrè.

Iléeṣẹ́ adójútòfò lè tètè fi owó lọ̀ yín. Ẹ má fọwọ́ síwèé kí dókítà tó yẹ̀ yín wò dáadáa. Bí ẹ bá ti gbà á, ó ṣòro láti padà lọ béèrè òmíràn.

Ní England àti Wales, ọdún 3 ni òfin sábà máa ń fún wa láti pẹjọ́. Ti ọmọdé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó pé ọdún 18. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, àgbàlagbà tó wà nínú ọkọ̀, tí owó ìpalára rẹ̀ kò tó £5,000, lè béèrè fúnra rẹ̀ lórí Official Injury Claim láìsí lọ́yà. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ béèrè iye tí lọ́yà máa yọ nínú owó náà kí ẹ tó gbà. Bí awakọ̀ náà bá sá lọ, tàbí tí kò ní ìwé adójútòfò, Motor Insurers' Bureau wà.

Ẹ má ṣe àsọdùn o: irọ́ kan lè ba gbogbo ẹjọ́ jẹ́.

Olódùmarè kò ní jẹ́ ká rí ìjàǹbá. Bó bá sì ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ.