Bí Fóltéèjì àti Kọ́rẹ́ńtì Ṣe Ń Sọ Ìdènà àti Agbára Iná

Nǹkan méjì péré ni oníṣẹ́ iná ní láti wọ̀n kó tó mọ ohun tí ẹ̀rọ kan ń ṣe fún wáyà ilé: fóltéèjì àti kọ́rẹ́ńtì. Fóltéèjì ni ipá tó ń ti iná lọ nínú wáyà. Fóltì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Kọ́rẹ́ńtì ni bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Áńpù ni ìwọ̀n tirẹ̀. Láti ara méjèèjì ni ìdènà ti ń jáde, ìyẹn bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣòro fún iná láti gbà kọjá tó, tí wọ́n ń fi óòmù wọ̀n. Ibẹ̀ náà ni agbára ti ń jáde, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń yára jẹ iná tó, tí wọ́n ń fi wáàtì wọ̀n.

Georg Simon Ohm, olùkọ́ ará Jámánì tí wọ́n bí ní Erlangen ní ọdún 1789, ló fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Irú bátìrì tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Volta ṣe ní ọdún 1800 ni wọ́n ń lò nígbà náà, ipá rẹ̀ kì í sì í dúró lójú kan. Bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ ni ìwọ̀n ń dàrú. Ohm pa á tì. Ó so irin bismuth mọ́ bàbà, ó ki oríkèé kan bọ omi híhó, ó ki èkejì bọ yìnyín, ìyàtọ̀ ooru méjèèjì sì fún un ní fóltéèjì tí kì í yẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní Berlin ní ọdún 1827, ṣùgbọ́n wọn kò tètè kà á sí níbẹ̀; ó di ọdún 1841 kí Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley. Ohun tó rí kò ju èyí lọ: níwọ̀n ìgbà tí ìdènà kò bá ti yí padà, bí fóltéèjì bá di ìlọ́po méjì, kọ́rẹ́ńtì náà á di ìlọ́po méjì.

Lẹ́tà V ló dúró fún fóltéèjì, I fún kọ́rẹ́ńtì, R fún ìdènà, P fún agbára. Ìṣirò méjèèjì nìyí:

R = V ÷ I
P = V × I

Ká ní áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ń fa áńpù 4.35 lórí iná fóltì 230, èyí tó jẹ́ òṣùwọ̀n iná ilé ní Nàìjíríà. Bí a bá fi 4.35 pín 230, ìdènà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí óòmù 53. Bí a bá sọ 230 di púpọ̀ ní 4.35, agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí wáàtì 1000. Ẹ̀rọ oníwáàtì 1000 tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko ti jẹ yúnìtì kan lórí mítà.

Wíwọ̀n náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Orí méjèèjì ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi ẹnu mítà kàn láti wọ̀n fóltéèjì, ṣùgbọ́n inú ọ̀nà iná gan-an ni mítà kọ́rẹ́ńtì ń wà. Ẹni tó bá fi mítà tó wà lójú áńpù kan ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì tààrà ń wá ìjàǹbá, torí mítà náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìdènà kankan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í rò ni pé iye wáàtì tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kì í yí padà. Bí iná bá já wálẹ̀ sí fóltì 180, ìdènà áyọ́ọ̀nù yẹn ṣì jẹ́ 53, nítorí náà kọ́rẹ́ńtì á di 3.4, agbára á sì di nǹkan bí wáàtì 612. Fóltéèjì dín ní díẹ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n agbára fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ìdá méjì nínú márùn-ún, torí fóltéèjì àti kọ́rẹ́ńtì jọ rẹlẹ̀ ni. Abájọ tí áyọ́ọ̀nù kì í fi í gbóná dáadáa nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Wáyà fúnra rẹ̀ ní ìdènà. Bí kẹ́tùlù oníná bá ń fa áńpù 8.4 gba inú wáyà extension tín-ín-rín tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 1, ooru tó ń jáde lára wáyà yóò jẹ́ I × I × R (torí V = I × R), ìyẹn 8.4 × 8.4 × 1, tó jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 70. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì James Joule ló fi òfin ooru yìí hàn ní ọdún 1841. Bí wọ́n bá ká wáyà náà jọ tàbí tí wọ́n bo ẹní lé e, ooru kò rọ́nà jáde, rọ́bà ara rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ìṣirò yìí kan náà ló fà á tí wáyà bátìrì ínfátà fi ń nípọn: ẹrù wáàtì 600 kò ju áńpù 2.6 lọ lórí fóltì 230, ṣùgbọ́n lórí bátìrì fóltì 12, áńpù 50 ni.

Kì í ṣe gbogbo ìdènà ló ń dúró lójú kan bíi ti áyọ́ọ̀nù; èyí tí a ṣírò lè jẹ́ ti àkókò tí a wọ̀n ọ́n nìkan. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 ní ìdènà bí óòmù 880 nígbà tó bá tàn; bó bá tutù, ó lè má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye yẹn. Kọ́rẹ́ńtì tó ń rọ́ wọ inú rẹ̀ nígbà náà pọ̀ gan-an; ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń jó ní kété tí wọ́n bá tàn án.

Ohun èlò tó ní mọ́tò, bíi fáànù, fíríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi, kò gba P = V × I lásán. Apá kan kọ́rẹ́ńtì tó ń wọ inú wọn ń lọ ó ń bọ̀ láìṣiṣẹ́, nítorí náà wáàtì gidi kéré sí èsì ìṣirò náà. Òun ló jẹ́ kí wọ́n máa kọ kVA, ìyẹn èsì V × I ní ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún, sára jẹnẹrétọ̀: oní-2.5 kVA tó bá ń gbé ẹrù tó ń lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún kọ́rẹ́ńtì rẹ̀ fún iṣẹ́ kò lè fúnni ju wáàtì 2000 lọ.