Oko Ẹ̀pà Tí Ó Forí Ṣánpọ́n: Ẹ̀kọ́ Fún Àwọn Olórí

Ọ̀pọ̀ ètò ni ó máa ń dùn létí nígbà tí a bá kà á nínú ìwé, ṣùgbọ́n tí kì í yọrí nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni a sábà máa ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé inú ìpète gan-an ni àṣìṣe wà. Ìtàn oko ẹ̀pà Tanganyika, ilẹ̀ tí ó di apá kan Tànsáníà ní ọdún 1964, fi èyí hàn gbangba.

Lẹ́yìn ogun Hitler, ọ̀wọ́n òróró mú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1946, Frank Samuel, ọ̀gá àgbà kan ní United Africa Company, ilé-iṣẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ nídìí òwò kòkó àti ekuro, dá a lábàá pé kí a fi ẹ̀rọ dá oko ẹ̀pà ńlá ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n pète láti ṣán ilẹ̀ tí ó lé ní 3,000,000 éékà láàárín ọdún mẹ́fà, kí wọ́n sì ná nǹkan bí £25,000,000.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kongwa ní ọdún 1947. Àlòkù ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn katakata náà. Wọ́n ń bàjẹ́ léraléra, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àti àwọn tí ó lè tún un ṣe kò sì tó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ amọ̀ ibẹ̀ le bí bíríkì, ó sì ṣòro láti wa ẹ̀pà jáde. Òjò kò rọ̀ déédéé. Ìrètí wọn ni láti ṣán 150,000 éékà ní ọdún kìíní. Èyí tí wọ́n rí ṣán kò tó 10,000.

Kí ni ó fà á? Àwọn tí a rán lọ wo ilẹ̀ kò lò tó oṣù mẹ́ta níbẹ̀. A kò kọ́kọ́ dá oko kékeré láti dán an wò. Nígbà tí ìròyìn búburú sì ń dé, ó di ọdún 1949 kí a tó dín iye ilẹ̀ náà kù. Ní oṣù kìíní ọdún 1951, ìjọba pa ètò náà tì. Nǹkan bí £36,000,000 ni ó ṣègbé.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ yá ẹ̀rọ kan lò fún ìgbà díẹ̀. Kí wọ́n mọ ẹni tí yóò máa tún un ṣe, àti iye ẹ̀gẹ́ tí ń wọlé nígbà ọ̀wọ́n. Kí olórí jẹ́ kí ẹni tí ó di ẹ̀rọ náà mú lè sọ òtítọ́ láìjẹ́ pé a pè é ní ọ̀lẹ. Kí wọ́n sì ti fohùn ṣọ̀kan ṣáájú lórí ọjọ́ ìṣirò, àti iye àdánù tí ó bá dé tí wọn yóò fi dúró.

Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Olórí tí ó bá wo ẹ̀yìn yóò rí ohun tí ó gbé e ṣubú.