Àkọ́sórí Kọ́ Ni Ọnà Èdè, Iṣẹ́ Tó Ń Ṣe Ni Kẹ́ Ẹ Wò

Tẹ́ ẹ bá bi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò WAEC pé kí ni àfiwé tààrà, kíá ni wọ́n á dá yín lóhùn pé ká fi nǹkan méjì wéra, ká lo "bí" tàbí "bíi". Ó dáa. Àmọ́ ẹ wá bi wọ́n pé kí ló dé tí òǹkọ̀wé fi lò ó níbi tó ti lò ó. Kẹ́kẹ́ á pa.

Èmi ò dá wọn lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ni: olùkọ́ á to ọnà èdè àti ọgbọ́n ìsọ̀tàn sójú pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ, á kọ́ ọ sórí, ó parí. Ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ ṣí ìwé ìtàn náà rí. Wọ́n mọ orúkọ gbogbo èlò ọbẹ̀, wọn ò tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde lọ́dún 1938. Àkàrà-ògùn ló ń fẹnu ara rẹ̀ ròyìn ìrìn àjò rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú kíláàsì, ojú-mi-ló-ṣe ni wọ́n ń pe irú ìsọ̀tàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ rẹ̀? A ti mọ̀ pé ọdẹ yìí bọ̀ láàyè, òun náà ló ṣáà ń sọ ọ́. Síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà wá, torí ojú rẹ̀ la fi ń wo igbó náà. "Mo" yẹn ló fà wá wọlé.

Ẹ tún wo orúkọ. Abàmì tó bá a wọ̀jà nínú igbó ń jẹ́ Àgbákò. Ṣebí àwa náà máa ń sọ pé ẹnì kan "kàgbákò"? Orúkọ ti kìlọ̀ fún wa kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Olóhùn-iyọ̀ ńkọ́? Akọrin ni. Iyọ̀ ló ń mú ọbẹ̀ dùn, òun náà ló wà lóhùn rẹ̀. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ rèé nínú orúkọ lásán, kò sí "bíi" kankan níbẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni pé kẹ́ ẹ yọ ọnà èdè náà kúrò, kẹ́ ẹ wo ohun tó sọnù. "Dáńfó náà ti gbó" yàtọ̀ sí "Dáńfó náà ń wúkọ́ gun bíríìjì". Nínú èkejì, ẹ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, àánú ọkọ̀ sì ṣe yín bíi ti arúgbó. Ìfohunpènìyàn nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti lè sọ ohun tó sọnù, ẹ ti dáhùn ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kọjá máàkì o. Àwọn tó ń polówó ọjà lórí Instagram àtàwọn olóṣèlú mọ ọnà èdè lò dáadáa. Ẹni tó ní òun á sọ ìlú di párádísè láàárín oṣù mẹ́ta, àsọrégèé ló ń lò. Tó bá ń tún un sọ lójoojúmọ́ títí tó fi ń dà bí òótọ́, awítúnwí nìyẹn. Ẹni tó ti ń bi ìwé ìtàn pé "kí lo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe fún mi?", wọn ò lè fọ̀rọ̀ dídùn mú un bọ̀rọ̀.

Torí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ìtàn náà tán. Ibi tó bá pa yín lẹ́rìn-ín tàbí tó dẹ́rù bà yín, ẹ fi bírò fàlà sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ohun tó fà á. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ lè wá orúkọ rẹ̀ tó bá yá.